Tíṣà tó kọ́ mi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ẹyọ mẹ́rin

Ẹ kú ọ̀sán o. Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Tíṣà tó kọ́ mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gbé ládùúgbò wa, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Tẹ́lẹ̀, odidi páálí ni wọ́n máa ń rà. Ní báyìí, ẹyọ mẹ́rin ni mò ń fi àlùmọ́gàjí gé fún wọn. Wọ́n á ní, "Èyí tó kù wà nílé." Wọn ò sì ní yọjú mọ́ títí ọjọ́ mẹ́wàá. Táàṣì kì í kúrò lára aṣọ wọn, bàtà wọn ń dán. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó tò sẹ́yìn wọn ra fítámì ₦60,000, kò bèèrè iye.

Mo rọra fi káàdì oògùn kan kún tiwọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá a padà, wọ́n ní mo ṣì í kà. Báwo ni mo ṣe máa ràn wọ́n lọ́wọ́ tí mi ò ní dójú tì wọ́n?

Ìyá Ìbejì: Ẹ sọ fáwọn ọmọ wọn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi náà ò mọ̀, torí owó ilé ti gbọ́n gbogbo ọwọ́ wọn gbẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ìfẹ̀yìntì ò lè bá ọjà rìn mọ́. Ẹ̀bùn ni wọn ò fẹ́. Ẹ tà á fún wọn láwìn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i nínú ìwé pé àwọn mìíràn náà jẹ yín. Ẹni tó jẹ gbèsè ṣì jẹ́ oníbàárà.

Àkàndé: Ní 2022, kí epo tó wọ́n rárá, ìjọba fúnra rẹ̀ ka mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tí ìṣẹ́ ń bá fínra. Mélòó la rí lójú títì? Abẹ́ táàṣì ni wọ́n wà.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fo ọjọ́ o! Ẹ̀jẹ̀ ríru lè má dun èèyàn rárá títí yóò fi di rọpárọsẹ̀. Tó bá jẹ́ amlodipine, ọ̀kan lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni wọ́n ń lò, èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n wà, oògùn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi irú mìíràn rọ́pò rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i.

Ẹni tó béèrè: Mo ṣí ìwé àwìn síwájú wọn láàárọ̀ yìí. Wọ́n wo orúkọ márùn-ún tó ṣáájú, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ tiwọn, wọ́n sì fà á nídìí bí wọ́n ṣe máa ń fa ìlà sí rẹ́jísítà wa. Odidi páálí ni wọ́n gbé lọ.