Ọjọ́ tí mò ń kó iṣu èlùbọ́ nínú ìjì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òjò o. Bí òjò ṣe tún ti ń bẹ̀rẹ̀ yìí ni mo ṣe ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Òmù-Àrán.

Èlùbọ́ ni mò ń tà. Lọ́jọ́ náà, ní ìparí oṣù kẹta, mo sá iṣu tí mo ti bọ̀ sórí tapólì níwájú ilé, ó tó àpò mẹ́ta. Ooru mú láti àárọ̀, ewé kan ò mì. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, ojú ọ̀run ìhà ìlà-oòrùn dúdú bí aró. Ìhà ibẹ̀ náà ni ìjì líle sábà máa ń gbà wá bá wa. Kò pẹ́ ni atẹ́gùn tútù kan ṣàdédé fẹ́ sí mi lára. Ẹ̀yin èèyàn mi, atẹ́gùn tútù yẹn, ìkìlọ̀ ni. Inú òjò ló ti ń tú jáde, òun ló ń ṣáájú rẹ̀. Èmi rò pé mo ṣì ráyè kó iṣu mi wọlé ni.

N kò tíì kó ìdajì tí eruku fi bo gbogbo àdúgbò. Atẹ́gùn já tapólì gbà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ gbàràgàdà lókè: òrùlé ilé kejì ti ṣí. Páànù kan balẹ̀ síbi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí, ó la abọ́ oníke tí mò ń kó iṣu sí sí méjì, gẹ́lẹ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Ìdajì abọ́ náà ṣì wà nílé mi títí dòní.

Mo sáré wọlé. Ibi tí mo ti ń dúpẹ́ ni yìnyín ti dé. Ẹ mọ bí inú ọmọdé ṣe máa ń dùn sí yìnyín. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ti gbé ife, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Àwa náà ṣa yìnyín jẹ ní kékeré, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé èyí tó tóbi lè la orí èèyàn. Mo fà á padà, a wọ ìyẹ̀wù tí kò ní fèrèsé, mo fi fóòmù bo òun àti àbúrò rẹ̀. Lórí páànù, ṣe ló dà bí ìgbà tí típà ń da òkúta sílẹ̀. Gíláàsì fèrèsé pálọ̀ fọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, mo mú yìnyín kan nílẹ̀ pálọ̀: inú rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ gaara, ó tó ẹyin ẹyẹlé.

Iṣu mi bàjẹ́ pátá. Mo sunkún rẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ọlọ́kadà, Ọ̀fà: Màmá wa, ẹ kú ewu. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwa sá sí lọ́nà Èrìn-Ilé. Bàbá àgbà kan ló lé wa kúrò níbẹ̀ tìbínú-tìbínú, ó ní kí a wọ ilé òun. A ò tíì jókòó tí ẹ̀ka igi náà fi já lu ọ̀kadà mi. Wáyà iná náà já sínú àgbàrá, bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ omi yẹn. Mo ṣì ń lọ kí wọn.

Ará Tankẹ, Ìlọrin: Ẹ kú orí ire. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń kéde ìkìlọ̀ bí atẹ́gùn bá fẹ́ tó kìlómítà 93 ní wákàtí kan, tàbí tí yìnyín bá fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 2.5. Tiwa, NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní Nàìjíríà, ń kéde, mo máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń kà á fúnra mi: bí mànàmáná bá ti kọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan sí ibi tí mànàmáná ti kọ. Bí kò bá ti pé 30, inú ilé ni mo wà, n ò sì ní jáde títí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá ìkẹyìn.

Oníṣu: Ẹ ṣé o, mo ti kọ́ ọmọ mi ní kíkà yẹn lónìí. Ta ló mọ káfíńtà tó lè fi irin de igi òrùlé mọ́ ògiri dáadáa? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ ṣe tèmi.