Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú họ́mọ̀nù ọmọdé, kí lojú yín ń rí lẹ́nu iṣẹ́?

Dókítà Ọmọ Wẹ́ẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwa tá à ń tọ́jú àìsàn họ́mọ̀nù lára ọmọdé, ìyẹn àtọ̀gbẹ, tàíróọ̀dì, ọmọ tí kò ga bó ṣe yẹ, ọmọ tó bàlágà láìtó àsìkò, a ò pọ̀ tó rárá. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ ń ṣófo. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tójú yín ń rí. Kí ló mú yín wọ iṣẹ́ yìí? Kí ló fẹ́ lé yín kúrò ńbẹ̀?

Èmi Nìkan Wà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan egbò mi. Èmi nìkan ni mò ń ṣe iṣẹ́ yìí ní gbogbo agbègbè mi. Tí mo bá lọ ìsinmi, fóònù á bá mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Ọmọ tuntun kan, ọkùnrin, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń bì, kò fa ọmú mọ́, ó ń rù. Wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà ló pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, "Sodium ńkọ́?" Ó ní ó ti wálẹ̀ gan-an. "Potassium?" Ó ní ó ròkè débi pé àwọn onílàbù tún un yẹ̀ wò, wọ́n rò pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Mo ní kó gba ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún 17-OHP, họ́mọ̀nù tó máa ń pọ̀ lápọ̀jù nínú àìsàn tí mo fura sí, àmọ́ kó má dúró de èsì rẹ̀ o, kó fún ọmọ ní hydrocortisone, họ́mọ̀nù tí ara rẹ̀ ò lè ṣe, lójú ẹsẹ̀, kó sì fa omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lára. CAH ni, àìsàn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ẹ̀yà kékeré tó wà lórí kíndìnrín ṣe họ́mọ̀nù tó yẹ. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ títí di òní. Ká ní mi ò gbé fóònù yẹn ńkọ́? Ta ni dókítà kékeré yẹn ì bá pè?

Onílàbù:
Ọ̀pọ̀ láàbù ni kì í tilẹ̀ ṣe 17-OHP. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà á kọ́kọ́ rìnrìn àjò kí èsì tó dé.

Dókítà Ọmọ Wẹ́ẹ́rẹ́:
Ọkùnrin ló ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ jù nínú CAH. Tó bá ṣe ọmọbìnrin ni, ìrísí abẹ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n fura lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọkùnrin ò ní nǹkan kan lára tó máa kọ èèyàn lóminú, àfi ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìdí tí mo fi ń pariwo àyẹ̀wò ọmọ tuntun nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀, ó parí.

Nọ́ọ̀sì Alábẹ́rẹ́:
Ẹ̀yin dókítà ti gba ọ̀rọ̀ náà fún ara yín. Àwa nọ́ọ̀sì ńkọ́? Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sọ fún òbí pé ọmọ wọn ní àtọ̀gbẹ, ẹ ó kọ̀wé, ẹ ó lọ. Àwa la máa jókòó tì wọ́n. Láìpẹ́ yìí ni mo kọ́ bàbá kan bí wọ́n ṣe ń fa ínsúlìn. Ínsúlìn NPH, èyí tí kò mọ́ gaara yẹn, a kì í jù ú jìgìjìgì, ńṣe là ń rọra yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí á fi pò pọ̀. Bàbá náà ń yí i, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi mí bóyá ojoojúmọ́ ayé ni abẹ́rẹ́ yìí á máa dun ọmọ òun. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè máa wo aago kẹ́ ẹ sì máa dáhùn rẹ̀. A tún sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọ́n ń gún àti bí wọ́n á ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹran ibẹ̀ má bàa le, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí ṣúgà bá já wálẹ̀ lóru. Ìgbà tá a fi parí, ilẹ̀ ti ṣú. Nínú ìwé ilé ìwòsàn, ohun tí wọ́n kọ ni: "ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹnì kan."

Ọ̀rọ̀ Owó:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ti sọ ọ́ tán. Wọ́n ń sanwó fún ọ̀bẹ, wọn kì í sanwó fún ẹnu. Iṣẹ́ tiwa, etí la fi ń gbọ́, ẹnu la fi ń ṣàlàyé, a ó wá jókòó ti èsì àyẹ̀wò nígbà tí àwọn aláìsàn bá ti lọ sílé. Ẹ wo Amẹ́ríkà: ọdún 3 lórí ìṣègùn ọmọdé, ọdún 3 mìíràn lórí họ́mọ̀nù. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí owó rẹ̀ kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró sídìí ìṣègùn ọmọdé lásán. Àyè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà tí kì í rẹ́ni gbà á. Gbèsè ilé ìwé wà lọ́rùn ọmọ, ẹ tún ní kó wá fi ọdún 3 dín owó ara rẹ̀ kù?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn:
Ẹ má bínú sà, mi ò gbà pé owó nìkan ni. Níléèwé wa, ohun tí wọ́n fi hàn wá nípa họ́mọ̀nù ọmọdé ni àwòrán ọfà lóríṣiríṣi lójú pátákó, àti orúkọ enzyme tá a há sórí torí ìdánwò. Mi ò rí ọmọ kan ṣoṣo. Ìgbà tí mo wá ráàyè jókòó sí klínìkì, ọmọ kan wọlé tí wọ́n ti ń fún ní levothyroxine, oògùn tàíróọ̀dì, láti ìgbà tó ti wà ní jòjòló. Ó ń ka ìwé ìtàn sókè ketekete fún dókítà. Wọ́n ní ká ní kò tètè rí oògùn yẹn gbà ni, ọpọlọ rẹ̀ ì bá má jí pépé báyìí. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ Owó:
Àbúrò, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí gbèsè dé ọ lọ́rùn ná.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn:
Ó ti dé, sà. Mo ṣì ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alábẹ́rẹ́:
Ẹ gbọ́ ọmọ! Àga ti ń dúró dè ọ́ níbi.

Arìnrìn-àjò Ẹ̀kọ́:
Kó tó di 2008, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ni kò ní ẹyọ àkọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún yẹn ni ESPE, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí ní Yúróòpù, àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn dá ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ PETCA sílẹ̀ ní Nairobi. Ní 2012, òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní Èkó fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà. Ẹ̀kọ́ náà dáa. Ìgbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni wàhálà dé: wọ́n dá mi padà sí wọ́ọ̀dù gbogbo ọmọdé, wọ́n ní klínìkì họ́mọ̀nù lè máa wáyé nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Ọwọ́ wo ló ń dilẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé?

Èmi Nìkan Wà:
Àbí ibì kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ ni!

Ìyá Àkọ́bí:
Mi ò ṣe dókítà o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè. Ọmọ mi ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ibùsùn ó pẹ́, àfi bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń mu omi ṣáá. Ó ń rù. Wọ́n ní ìwà ni, pé ó ń jowú àbúrò rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíkankíkan, wọ́n ní òtútù àyà ni, wọ́n kọ oògùn rẹ̀ fún wa. Ibòmíràn tá a sáré gbé e lọ ni nọ́ọ̀sì kan ti gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, ló bá gún un níka. Ẹ̀rọ ò lè kọ nọ́ńbà. Ṣúgà ọmọ mi ti kọjá ohun tó lè kà. Ó wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Dókítà Àgbàlagbà:
Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín lórí ìka! Ohun tó gbà kò ju ìyẹn lọ.

Onílàbù:
Ìtọ̀ pàápàá tó. Ọmọ ń tọ̀ ṣáá, kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò ti páálí àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ rẹ̀?

Dókítà Ọmọ Wẹ́ẹ́rẹ́:
Mà, ẹ kú ìrọ́jú. Ó yẹ kínú bí yín. Ásíìdì tó kún inú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú ọmọ mí bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ lè mọ́ kedere. Dókítà tí kò tíì bá wa ṣiṣẹ́ rí ò ní tètè ronú kàn án. Ibẹ̀ ni àìtó wa ti ń pa ọmọ, kì í ṣe ní klínìkì tiwa.

Ọ̀rọ̀ Owó:
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká pọ̀, ẹ dín ọdún kù. Ní 2023, National Academies, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, gbé ìjábọ̀ jáde lórí àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé. Ara àbá wọn ni pé kí ọ̀nà ọdún 2 wà fún ẹni tó jẹ́ pé ìtọ́jú aláìsàn ló fẹ́ gbájú mọ́.

Dókítà Àgbàlagbà:
Mi ò fara mọ́ ọn. Ta ni yóò wá ṣe ìwádìí? Ìwádìí ló fún wa ní ínsúlìn. Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ni wọ́n kọ́kọ́ gún un fún, ní Toronto, ní oṣù kìíní ọdún 1922. Ṣáájú ìgbà yẹn, ikú ni àtọ̀gbẹ jẹ́ fún ọmọdé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn:
Sà, nínú àwọn tó ṣàwárí ínsúlìn yẹn, Banting oníṣẹ́ abẹ ni, Best sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe ọdún 3 nínú àwọn méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì Alábẹ́rẹ́:
😂😂 Ọmọ yìí!

Dókítà Àgbàlagbà:
Àbúrò, o mú mi. Ṣùgbọ́n ka ìtàn náà dópin: abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa torí oògùn náà kò mọ́. Collip, onímọ̀ kẹ́místrì, ló fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹlẹ́ẹ̀kejì tó ṣiṣẹ́ nínú oṣù kan náà. Ẹni tó ní sùúrù ìwádìí la nílò. Ẹ̀sùn mi kejì rèé: àwọn ọmọ ọdún 18 tẹ́ ẹ ń fi lẹ́tà kan ṣoṣo tì sọ́dọ̀ àwa tá à ń tọ́jú àgbàlagbà, ọ̀pọ̀ wọn kì í dé. Ìgbà tí wọ́n bá tún yọjú, ojú tàbí kíndìnrín ti ń bà jẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ rí wọn pọ̀ fún sáà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi wọ́n sílẹ̀.

Arìnrìn-àjò Ẹ̀kọ́:
Ẹ ò tíì dárúkọ àwọn tí kò ṣàìsàn tó ń kún klínìkì. Bàbá kúrú, ìyá kúrú, ọmọ ń dàgbà déédéé lórí ìlà tirẹ̀, wọ́n á ní ká fún un ní họ́mọ̀nù ìdàgbà.

Ìyá Àkọ́bí:
Ẹ má dá wọn lẹ́bi, dókítà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọ́n ń fi ọmọ wọn ṣẹ̀sín níléèwé.

Dókítà Ọmọ Wẹ́ẹ́rẹ́:
Ìyá sọ òótọ́. Ẹ má sì yára lé wọn padà. Ọmọbìnrin tó kúrú tá ò mọ ìdí rẹ̀, ẹ yẹ kromosóòmù rẹ̀ wò fún Turner, àìsàn kromosóòmù tó jẹ́ ti obìnrin, bí kò bá tilẹ̀ ní àmì kankan lára. Ìgbà tí nǹkan oṣù kọ̀ tí kò dé ni wọ́n tó ń mú àwọn kan wá, ọdún tó yẹ kí wọ́n fi ga ti lọ. Àwọn dókítà ọmọdé tó sún mọ́ wọn lè máa wọn gíga wọn lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí wọ́n fi téèpù àti ìwé ìdàgbà ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá fi èyí tó kúrò lórí ìlà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Èmi Nìkan Wà:
Mo ní àbá kan. Ìpè òru yìí, ká pín in. Àwa tá a wà níbí tó ẹni tó lè máa gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn dókítà kékeré, kó jẹ́ nọ́ńbà kan ni wọ́n á máa pè. Ìmọ̀ràn nìkan la ó máa fún wọn, ẹni tó wà nídìí ọmọ ni yóò pinnu. Mo gba ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Arìnrìn-àjò Ẹ̀kọ́:
Mo gba ìkejì.

Nọ́ọ̀sì Alábẹ́rẹ́:
Ẹ fi nọ́ọ̀sì kan sí i pẹ̀lú. Ìbéèrè lórí ínsúlìn ló máa pọ̀ jù, mo mọ̀.

Dókítà Àgbàlagbà:
Ẹ fi mí sí ìkẹta. Mi ò sì tíì gba ọ̀rọ̀ ọdún 2 yẹn o.