Láti Gberefu dé Tarkwa Bay pẹ̀lú ẹsẹ̀: ọjọ́ mélòó ni ká pín in sí?

Ọmọ_Ajárá:
Ẹ kú ilé o. Àwa mẹ́ta la fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ká gba etí òkun láti Gberefu, níwájú Àgbádárìgì níbí, títí dé Tarkwa Bay, lẹ́nu èbúté Èkó, nínú oṣù kọkànlá. Lórí máàpù, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 55. Mo pín in sí ọjọ́ méjì: 28 lọ́jọ́ kìíní, 27 lọ́jọ́ kejì. Ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan máa tó kílò 16 pẹ̀lú omi. Kí ni mo gbójú fò?

Atẹyanrìn:
Àbúrò, òkun lo gbójú fò. Nígbà tó bá fà, yanrìn tútù létí omi máa ń le gbagidi, ẹlẹ́rù sì lè rin kìlómítà 4 ní wákàtí kan lórí ẹ̀. Tó bá ti kún, yanrìn gbígbẹ tó wà lókè ló kù fún yín. Ẹsẹ̀ á máa rì, ẹ ò sì ní rìn ju 2 sí 2.5 lọ. Kìlómítà 28 lórí irú ẹ̀ ju wákàtí 11 lọ. Ilẹ̀ á ṣú bá yín lọ́nà.

Ẹ wá tide table (ìwé tó ń sọ àsìkò tí òkun máa kún àti èyí tó máa fà) ti èbúté Èkó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú ọjọ́ tí òkun máa fà tán ní nǹkan bí aago 7 àárọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́: 7:00, 7:50, 8:40, 9:30. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ gbéra. Tó bá ti tó wákàtí méjì àti ààbọ̀ lẹ́yìn tó fà tán, ẹ wá ibòji. Ọjọ́ mẹ́rin ni: 12, 15, 15, 13. Ọjọ́ kìíní kéré torí aago 6:30 sí 9:30 péré lẹ máa rí rìn, ẹrù sì wúwo jù lọ lọ́jọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ àná ẹ̀ ni kí ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá, kí ẹ sùn sí Gberefu. Ẹni tó bá ń dúró de ọkọ̀ àárọ̀ ti pàdánù òkun ọjọ́ yẹn.

Ẹrù_Fúyẹ́:
Kílò 16 ti pọ̀ jù, àfi tẹ́ ẹ bá tó kílò 80. Ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ti tó. Omi ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́: lítà 4 fún mímu, 1 fún sísè. Lítà márùn-ún jẹ́ pure water 10, kílò 5 gbáko. Ti ọjọ́ kan ni kí ẹ gbé, kí ẹ máa rà kún un lábúlé. Ẹ dà á sínú ike, torí ọ̀rá á bẹ́ lábẹ́ ẹrù, aṣọ tí ẹ fẹ́ fi sùn á sì rin gbingbin. Tí omi kánga bá níyọ̀ lẹ́nu, ẹ má sè é pé ẹ fẹ́ mu ún: iná ń pa kòkòrò, kì í yọ iyọ̀.

Èmi ì bá sì bẹ̀rẹ̀ láti Tarkwa Bay. Bẹ́ ẹ ṣe ṣètò ẹ̀ yìí, oòrùn àárọ̀ á máa gún yín lójú.

Atẹyanrìn:
Oòrùn, fìlà ń bò ó. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni. Tẹ́ ẹ bá kọjú sí Àgbádárìgì, yanrìn ló máa wọ yín lójú. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyá_Àgbọn:
Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì sọ ti ẹsẹ̀. Etí òkun da gẹ̀rẹ́. Bí òkun bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa wà nísàlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, orúnkún àti ìgbáròkó á sì sọ̀rọ̀. Níbi tó bá tẹ́jú díẹ̀ ni kí ẹ máa gbà, ì báà jìnnà sómi. Ẹ máa gbọn bàtà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti ń gbóná lẹ́sẹ̀, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn kó tó lé ròrò.

Èèkàn àgọ́ kì í dúró nínú yanrìn. Ẹ bu yanrìn sínú àpò kékeré, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Òkè ibi tí òkun da pàǹtí sí ni kí ẹ pàgọ́ sí, ẹ má sì pa á sábẹ́ àgbọn.

Ọmọ_Ajárá:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ mẹ́rin ni o. Tí ẹnì kan bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kejì ńkọ́?

Atẹyanrìn:
Ẹ yí sí àríwá. Ọ̀sà ló wà lápá òsì yín jálẹ̀ ọ̀nà. Ẹ béèrè ọkọ̀ tó ń lọ sápá títì lábúlé tó bá sún mọ́ yín, kí ilẹ̀ tó ṣú.