Sẹ́ńsọ̀ géèjì prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì há lẹ́nu ihò Corolla: ṣé kí a fi sípánà tì í?

Awakọ̀ Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní Toyota Corolla ọdún 2005 tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, mo sì fẹ́ kí wọ́n bá mi so géèjì tí yóò máa fi prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì hàn mí mọ́ ọn, nítorí kí iná pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù tó tàn, prẹ́ṣọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Láti Amẹ́ríkà ni géèjì náà ti wá, wọ́n sì kọ 1/8-27 NPT sára páálí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì mi tú súwíìṣì ọ́ìlì tó bá ọkọ̀ wá, tó sì ń fi ìka yí sẹ́ńsọ̀ tuntun wọ ojú ihò kan náà, kò ju bí ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ lọ tó fi há. Ó ní idẹ ni, pé bí a bá fi sípánà tì í díẹ̀, yóò gbà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tirẹ̀ sọ pé kí a fi táàpù NPT, irin tí wọ́n fi ń gé eyín sínú ihò, tún ihò náà gé. Àwọn méjèèjì gbà pé 1/8 ni tibí, 1/8 náà sì ni tọ̀hún. Kí ló wá fà á tí kò fi wọlé, èwo sì ni kí n ṣe nínú ìmọ̀ràn méjèèjì?

Ọ̀gá Sípánà

Ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Orúkọ nìkan ni wọ́n fi jọra, bí Táíwò ìdílé kan ṣe yàtọ̀ sí Táíwò ìdílé kejì. Inú páìpù ayé àtijọ́ ni 1/8 yẹn ń tọ́ka sí, kò sí ibì kankan lára tíréèdì sẹ́ńsọ̀ yín (eyín tí a fi ń yí i wọlé) tí ẹ lè wọ̀n tí yóò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì. BSPT, tíréèdì páìpù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ti Toyota, èyí tí àwọn ará Japan máa ń kọ ní PT tàbí R. Eyín 28 ló wà nínú íńṣì kan, igun eyín náà sì jẹ́ dígírì 55, bí Joseph Whitworth ṣe gbé e kalẹ̀ ní England ní ọdún 1841. NPT jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ó ní eyín 27 nínú íńṣì kan, igun tirẹ̀ sì jẹ́ dígírì 60 tí William Sellers dábàá ní Philadelphia ní ọdún 1864. Yàtọ̀ sí èyí, NPT fi nǹkan bí ìdajì mìlímítà sanra ju BSPT lọ, ìdí nìyẹn tó fi yí díẹ̀ kó tó há.

Ẹ rántí pé tíréèdì méjèèjì máa ń tín-ín-rín lọ sí ẹnu ni. Bí ẹ bá ṣe ń fi sípánà tì í ló ń fẹ ihò náà, àlùmíníọ̀mù sì ni bulọ́ọ̀kù 1ZZ-FE. Bí ó bá sán, owó tí ẹ óò ná kò ní jọ owó géèjì mọ́. Ní ti táàpù, ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà lọ sí bẹ́árìn ni ihò yẹn, èérún irin tí táàpù bá gé sì lè bá a lọ. Lẹ́yìn náà, súwíìṣì Toyota kò ní dí ihò náà dáadáa mọ́ láé. Ẹ ra àdápítọ̀ idẹ kékeré tí ẹ̀gbẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì jẹ́ R 1/8, tí ẹ̀gbẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀ sì jẹ́ 1/8 NPT. Tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn ni ìka yóò fi yí méjèèjì wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ará Houston

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Sípánà péye. Kìkì ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni bí ẹ óò ṣe dá a mọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí àwọn tó ń tà á lè kọ 1/8 lásán sí i. Ẹ má gbára lé kíka eyín, torí tíréèdì ara sẹ́ńsọ̀ kì í gùn ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́jọ lọ, nínú ìwọ̀n yẹn sì rèé, ìyàtọ̀ àárín 27 àti 28 kò tó ìdajì eyín kan. Kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, ni kí ẹ lò. Ẹ wọn súwíìṣì náà lẹ́nu, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lápá òkè. Bí òkè bá fi nǹkan bí ìdajì mìlímítà ju ẹnu lọ, ó ń tín-ín-rín nìyẹn. Bí apá òkè yẹn bá wà ní agbègbè mìlímítà 9.7, BSPT ni. Bí ó bá sún mọ́ 10.3, NPT ni. Bí òkè àti ẹnu bá dọ́gba, tí wọn kò sì pé mìlímítà mẹ́wàá tán, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ M10x1 (tíréèdì gbọọrọ tí a fi mìlímítà wọ̀n), èyí tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ Jámánì, wọ́ṣà ló sì ń dí ìyẹn, kì í ṣe eyín rẹ̀.

Awakọ̀ Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé n kò lè wá sẹ́ńsọ̀ mìíràn tó ní tíréèdì Toyota ní Ládípọ̀, kí n má bàa lo àdápítọ̀ rárá? Mi ò sì fẹ́ kí iná pupa kúrò.

Ọ̀gá Sípánà

Ẹ lè rí èyí tí yóò wọ ihò, kó sì máa parọ́ fún yín. Géèjì àti sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ jọ máa sọ èdè kan náà: ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ilé iṣẹ́ VDO ń ti ohm 10 (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó) lọ sí 180 bí prẹ́ṣọ̀ ṣe ń ga, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà ń ti 240 wá sílẹ̀ sí 33. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ọwọ́ géèjì lè máa lọ sókè nígbà tí ọ́ìlì ń tán lọ. Èyí tó bá géèjì yín wá ni kí ẹ lò.

Kí iná pupa lè dúró, ẹ lo ojúkò oríta mẹ́ta, ìyẹn idẹ kékeré tó ní ojú mẹ́ta, kí súwíìṣì wà lójú kan, kí sẹ́ńsọ̀ wà lójú kejì. Ẹ má kàn so gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí sẹ́ńsọ̀ wúwo, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì sì lè ṣẹ́ idẹ náà lọ́rùn, kí ọ́ìlì sì tú jáde lójú ọ̀nà. Ẹ fi họ́ọ̀sì tó lè gba ọ́ìlì gbígbóná gbé ojúkò náà lọ síbi tí ẹ óò ti dè é mọ́ ara ọkọ̀.

Wáyà Kò Purọ́

Bí ẹ bá ti fi họ́ọ̀sì gbé e kúrò lára ẹ́ńjìnnì, sẹ́ńsọ̀ oníwáyà kan kò ní ní áàtì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí ẹnu òdì bátìrì) mọ́, nítorí inú tíréèdì rẹ̀ ló ti máa ń gbà á. Súwíìṣì Toyota náà rí bẹ́ẹ̀, iná pupa kò sì ní tàn rárá bí kò bá ní áàtì. Ẹ fa wáyà kan láti ara ojúkò yẹn lọ sí ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi mítà wò ó láàárín ara sẹ́ńsọ̀ àti ẹnu òdì bátìrì: kò yẹ kó tó ohm kan.

Èmi kì í fi téépù funfun àwọn púlọ́ńbà sí i. Ó lè já wọ inú ọ́ìlì, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè dí áàtì lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù tíréèdì tí ọ́ìlì kì í yọ́ ni mò ń lò, mo sì máa ń fi eyín méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìkùn. Ẹ yí i dé ibi tí ọwọ́ bá ti mọ, kí ẹ wá fi sípánà fi bí ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé. Bí ọ̀kan bá ń jò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ó tutù, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.