Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ọ̀kadà lè fò tó báyìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò kan ti gba ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: ọlọ́kadà kan ní òun fi eré 40 km ní wákàtí kan fo kòtò àgbàrá tó fẹ̀ tó mítà 15. Mo ṣírò rẹ̀. Eré yẹn jẹ́ bíi mítà 11.1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká tiẹ̀ ní ó gbéra ní 45°, ká má ka afẹ́fẹ́ sí, kò lè ju mítà 12.6 lọ bí bèbè méjèèjì bá dọ́gba. Pákó tó sì gùn fò kò ju 20° lọ lójú mi. Mítà 8 nìyẹn! Àmọ́ ó jọ pé òdìkejì rẹlẹ̀, ìyẹn á sì fi díẹ̀ kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi gígùn ọ̀kadà náà wọn bó ṣe rẹlẹ̀ tó nínú fídíò? Ẹ tètè dá mi lóhùn, àwọn ọmọ kan ti ń wá pákó kiri.