“Àkọkù” ni mo fara mọ́, kì í ṣe “pàǹtí”

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tó yẹ bébà wẹ́wẹ́ tí àwọn gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé fi sílẹ̀, tí àwọn olówó àti ilé ìkàwé ń rà jọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní “pàǹtí òǹkọ̀wé”. Ẹlòmíràn ní “ohun ìrántí”. Mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ohun tí à ń gbá dànù ni pàǹtí. Ní 1988, ilé gbàǹjo Sotheby's ní Lọ́ńdọ̀nù ta àfọwọ́kọ Der Prozess, ìwé ìtàn àròsọ tí Franz Kafka, òǹkọ̀wé ọmọ Prague, fi èdè Jámánì kọ, ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Marbach ní Jámánì ló wà dòní. Bẹ́ẹ̀, Kafka fúnra rẹ̀ ti ní kí Max Brod ọ̀rẹ́ òun dáná sun gbogbo ìwé òun bí òun bá kú. Ó kú ní 1924, Brod kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí Brod ń sá fún àwọn Násì kúrò ní Prague ní 1939, àpótí tó kún fún ìwé Kafka ló gbé dání. Ta ní í gbé pàǹtí sá ogun?

“Ohun ìrántí” sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti níṣẹ́ tó ń ṣe. Abọ́ àti ike tí a tẹ àwòrán olóògbé sí, tí à ń pín níbi ìsìnkú, ohun ìrántí nìyẹn. Ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ká má baà gbàgbé ni. Èyí tí à ń wá orúkọ fún yàtọ̀: ẹni tó ni ín kò rò ó rí pé ẹnikẹ́ni yóò tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wo Emily Dickinson, akéwì Amẹ́ríkà. Nígbà tó kú ní Amherst ní 1886, ewì rẹ̀ tó tíì jáde kò ju bíi mẹ́wàá lọ. Lavinia àbúrò rẹ̀ ló bá ọ̀pọ̀ ìyókù nílé. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,800. Òmíràn wà nínú ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán pọ̀, òmíràn wà lórí àpò lẹ́tà tó ti ya. Ọ̀kan sọ bí ìrètí ṣe ń kọ́ ilé rẹ̀, àpò lẹ́tà tó kọ ọ́ sí sì rí bí ilé tó lórùlé. Tẹ ewì yẹn sínú ìwé lásán, ilé náà wó.

Àbá tèmi ni “àkọkù”. A ní àjẹkù, a ní àlòkù. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìkọ̀wé ni àkọkù. Kò sí àbùkù níbẹ̀, àjẹkù ṣáà là á mayo. Bí ẹnìkan bá ní ó lè túmọ̀ sí ìwé tí kò parí, ẹ jẹ́ ká fi “àkọtì” pe ìyẹn. Awò ojú àti bàtà òǹkọ̀wé ò wọ abẹ́ rẹ̀ o. Ohun ìní lásán nìyẹn.

Ìwé Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, wà ní Harry Ransom Center, ilé àkójọ ìwé òǹkọ̀wé kan ní Austin, Texas, ní Amẹ́ríkà. Ó wù mí ká lè fi èdè tirẹ̀ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: àfọwọ́kọ rèé, àkọkù rèé.

Ẹni tó ń kó wọn jọ ńkọ́? “Akákọkùjọ” wúwo lẹ́nu. “Olùkójọ àkọkù” ni mo lè fara mọ́ báyìí. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.