Ọdún Sẹ́ńtì Anthony ń bọ̀, kí lẹ máa ń ṣe nílé yín?

Àbíkẹ́_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ní ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ni ọdún Sẹ́ńtì Anthony, ẹni mímọ́ táwa Kátólíìkì máa ń ké pè tí nǹkan bá sọnù, àkọ́kọ́ rèé tí màmá mi ò ní sí níbẹ̀, oṣù kẹjọ èṣí ni wọ́n lọ. Ẹni tó bá mọ màmá mi mọ̀ pé wọn kì í fi Sẹ́ńtì Anthony ṣeré, kọ́kọ́rọ́ sọnù o, Sẹ́ńtì Anthony, awò ojú sọnù o, Sẹ́ńtì Anthony, kódà tí bàbá mi ò bá tètè wálé lálẹ́ òun náà ni wọ́n máa ké pè. Ère ẹ̀ kékeré kan wà lórí fíríìjì wa, ọrùn ọmọ Jésù tó gbé lọ́wọ́ ti kán, sẹ́lótéèpù ni màmá fi lẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ ṣe ọdún yìí dáadáa ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí màá ṣe yàtọ̀ sí kí n lọ Mísà kí n sì gbé fọ́tò sórí WhatsApp. Àbúrò mi ní ká rán aṣọ ká pe èèyàn ká se ìrẹsì. Mi ò kọ̀, àmọ́ ó ń ṣe mí bíi pé màmá ò ní fẹ́ràn gbogbo ariwo yẹn. Ẹ̀yin ńkọ́?

Nǹkan míì tún rèé, bóyá kò tiẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo Tuesday, tí wọ́n bá ti kúrò ní Mísà àárọ̀, màmá á lọ ra búrẹ́dì bíi mẹ́jọ mẹ́sàn-án, kí wọ́n tó délé á ku ẹyọ kan. A máa ń bá wọn jà pé ta ló ń jẹ ẹ́, wọ́n á ní ó ti rí ẹni jẹ ẹ́. Mo wá rí bébà kan nínú ìwé àdúrà wọn, orúkọ èèyàn 7 ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ 1 tàbí 2 síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Gbèsè ni mo pè é, mo tiẹ̀ ti ń wá owó tí màá fi san án.

Bàbá_Kátíkíìsì:
Ọmọ mi, o kú àṣẹ̀yìndè màmá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Má san gbèsè kankan o. Búrẹ́dì Sẹ́ńtì Anthony ni màmá ẹ ń pín.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lisbon ni wọ́n bí i sí ní 1195, Fernando ni wọ́n sọ ọ́, ìgbà tó wọ ẹgbẹ́ àwọn Franciscan ló di Anthony. Ẹ̀bá Padua ló kú sí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1231, Friday ni, Tuesday tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sin ín, ìdí tí Tuesday fi di ọjọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọdún kan ò pé tí Pope Gregory IX fi kéde ẹ̀ ní ẹni mímọ́, oṣù karùn-ún 1232. Ẹlòmíì máa ń fi Tuesday mẹ́tàlá gbàdúrà ṣáájú ọdún, ẹlòmíì mẹ́sàn-án. Tí búrẹ́dì wá, ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìyá kan ní Padua, ọmọ ẹ̀ kú sínú omi, ó wá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tí Sẹ́ńtì Anthony bá lè bá òun bẹ Ọlọ́run kí ọmọ yìí jí, òun á fún àwọn tálákà ní ọkà tó wúwo tó ọmọ náà. Ọmọ jí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi oúnjẹ fún tálákà lórúkọ ẹ̀ títí dòní.

Tó bá jẹ́ orúkọ ẹ̀ ni párísì yín ń jẹ́, ọdún ńlá ni, wọ́n lè gbé e sí Sunday, wọ́n á gbé ère yí àdúgbò ká. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, Mísà àárọ̀ lásán ni wàá bá, má jẹ́ kíyẹn bà ẹ́ nínú jẹ́.

Ìyá_Bọ́lájí:
Bàbá ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ ọkà yẹn, èmi ti ṣe é rí o! Ọmọbìnrin mi ṣàìsàn ọdún kan, ìgbà tára ẹ̀ yá mo ní ọkà ọmọ yìí gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ ọdún. Mi ò ní ìwọ̀n nílé, ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja tútù iwájú ilé wa ni mo gbé e lọ. Ìyá ẹlẹ́ja tẹ́ páálí sórí ìwọ̀n kí òórùn ẹja má bàa lẹ̀ mọ́ ọmọ lára, ọmọ ò jókòó jẹ́ẹ́, ó ń nawọ́ sí ẹja, ojú ìwọ̀n ń lọ síwá sẹ́yìn, àwọn tó fẹ́ ra ẹja dúró tì wá, ọ̀kan nínú wọn ní "ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?" Ó dúró ní kílò 11 nígbẹ̀yìn. Mo ra ìrẹsì bíi kóńgò 8, mo dì í sí nylon kéékèèké, àwọn ẹgbẹ́ Sẹ́ńtì Vincent de Paul nínú ìjọ ló bá mi pín in torí àwọn ló mọ ẹni tébi ń pa tí kò lè sọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Mo mọ párísì kan tí aṣọ ọdún ẹni mímọ́ dìjà sí, títí dòní àwọn méjì ò kí ara wọn. Àmọ́ ìrẹsì, ẹ sè é o.

ỌmọÈkó_tó_ti_Bahia_dé:
Mo fi oṣù mẹ́jọ ṣiṣẹ́ ní Salvador, Brazil. Wọn ò ń fọwọ́ kékeré mú ọdún yìí níbẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ni wọ́n ti ń ṣe trezena, àdúrà ọjọ́ 13 gbáko, kì í ṣe ọjọ́ 9 bíi nófẹ́nà tiwa. Inú ilé ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é: ìyá àgbà kan ládùúgbò mi á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, òdòdó, àbẹ́là, ère láàárín, aládùúgbò á kún pálọ̀, wọ́n á gbàdúrà wọ́n á kọrin, lẹ́yìn náà oúnjẹ àgbàdo oríṣiríṣi á jáde. Àwọn ọmọge tó ń wá ọkọ, ṣe ni wọ́n máa ń dorí ère ẹ̀ kodò sínú omi títí á fi dá wọn lóhùn, Ọlọ́run ló mọ ohun tẹ́ni mímọ́ náà ń rò níbẹ̀ 😂 Kódà láyé àwọn Pọtogí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé sójà ní Bahia, wọ́n fún un nípò, wọ́n sì ń san owó oṣù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù, tẹ́ ẹ bá bá àwọn Candomblé ibẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà, sọ̀rọ̀, Ògún ni wọ́n ń pe Sẹ́ńtì Anthony. Ní Rio, Sẹ́ńtì George ni Ògún. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló so ó pọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó sì padà sí Èkó nínú wọn, àwọn Àgùdà, ló ti ń ṣe Kátólíìkì níbẹ̀ kí fádà kankan tó wá tẹ̀dó. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ ṣe Ògún o, ẹ má pè mí lẹ́jọ́. Àdúrà inú ilé yẹn ló wù mí, ẹ lè ṣe é lórí fíríìjì yẹn náà.

Sísítà_Òṣogbo:
Ọ̀rọ̀ kan péré lèmi ní. Ẹ máa rí mẹ́sẹ́jì tó ní kẹ́ ẹ fi àdúrà Sẹ́ńtì Anthony ránṣẹ́ sí èèyàn 13 kí iṣẹ́ ìyanu tó ṣẹlẹ̀, tẹ́ ẹ bá já a aburú á dé. Ẹ pa á rẹ́. Ìjọ ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó ń bá wa bẹ Ọlọ́run ni, kì í gba dátà lọ́wọ́ èèyàn.

Àbíkẹ́_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo sunkún díẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja wá pa mí lẹ́rìn-ín. Lánàá mo mú bébà yẹn dání, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn orúkọ inú ẹ̀. Mẹ́ta ti kó lọ, ọ̀kan ti kú. Mo kan Ìyá Sàídì, Mùsùlùmí ni wọ́n, 2 ni màmá kọ síwájú orúkọ wọn torí àwọn ọmọ-ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe rí mi wọ́n kígbe sínú ilé pé "ọmọ Ìyá Búrẹ́dì rèé o!" Ìyá Búrẹ́dì! Àwa ọmọ bíbí inú wọn ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Wọ́n ní di báa ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, etí àwọn ṣì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ Tuesday.

Bàbá Kátíkíìsì, tí Fádà bá bùkún búrẹ́dì, ṣé mo lè gbé e fún Ìyá Sàídì?

Bàbá_Kátíkíìsì:
Gbé e fún wọn. Búrẹ́dì tá a gbàdúrà sí ni, kì í ṣe Ara Kristi, ẹnikẹ́ni ló lè jẹ ẹ́. Ṣáà tètè sọ fún Fádà, má dédé gbé e dé iwájú pẹpẹ. Fi orúkọ màmá sí Mísà ọjọ́ náà pẹ̀lú, tètè lọ sí ọ́fíìsì torí ìwé wọn máa ń kún. Rántí pé June 12 ni ìjọba fún wa ní ọlidé, kì í ṣe June 13, bẹ́kìrì lè tì lọ́jọ́ tó ṣáájú, bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀. Má sì di búrẹ́dì gbígbóná sí nylon, á làágùn, kó tó dọjọ́ kejì á bu.

Àbíkẹ́_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé sà. Mo ti ní kí wọ́n bá mi ṣe 9. Àbúrò mi náà ti lọ sanwó ewúrẹ́ o.

Ìyá_Bọ́lájí:
Ẹ bá mi kọ àdúgbò yín síbí.